Ìbò Tó Gba Ọ̀nà Oko Lọ

Bí mo bá ń ronú kan ilé wa ní Kemta, ní Abẹ́òkúta, ìró ló ń kọ́kọ́ dé etí mi kí ojú mi tó rí ohunkóhun: òkúta wẹ́wẹ́ tó ń bọ́ sínú abọ́ tánganran, kéń, kéń, kéń. Ìyáàgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń ṣa ìrẹsì. Ìrẹsì Ọ̀fàdà ló ń tà, òkúta inú ìrẹsì ayé ìgbà yẹn sì lè ká eyín èèyàn dànù. Bí oníbàárà rẹ̀ kan bá fi eyín kan òkúta pẹ́nrẹ́n, ìtìjú ọdún kan ni lójú rẹ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn àdúrà àárọ̀, gbogbo àwa ọmọbìnrin ilé á jókòó sórí ẹní, a ó tẹ́ ìrẹsì sórí àtẹ, a ó máa ṣa òkúta jù sínú abọ́. Ní òdìkejì títì, Ràímì Káfíntà á ti máa fi ayùn rẹ́ pákó, Ìyáàgbà á sì pariwo láti ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Ràímì, ṣé o tiẹ̀ ti jẹun kí o tó máa fi ayùn dá wa lágara báyìí?" Ràímì á ní: "Màmá, oúnjẹ dà? Ẹ̀yin lẹ ò tíì gbé e wá!" Ìyáàgbà á bú u, á sì bu ìrẹsì sínú ewé, á ní kí n gbé e fún un. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Ṣìfáwù ni wọ́n ń pè mí ní ilé-kéú, ṣùgbọ́n Àjọkẹ́ ni Ìyáàgbà ń pè mí, èmi sì ni mo ń bá a ka ìwé, nítorí òun kò mọ̀ ọ́n kà.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ọdún tí àwọn ṣọ́jà ní àwọn fẹ́ padà sí bárékè, kí aráàlú dìbò yan ẹni tí yóò máa ṣe ìjọba. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dìbò kẹ́yìn, débi pé àwọn àgbà ń sọ ọ̀rọ̀ ìbò bí ẹni tó ń sọ ti ìyàwó àfẹ́sọ́nà tó kú. Ilé tiwa ni ọ̀rọ̀ náà wá dùn sí jù, nítorí Bọ̀dá Múfù, àbúrò bàbá mi, jáde láti lọ ṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Tíṣà ni ní Ayétòrò. Òfin sì ní ẹni tó bá fẹ́ du ipò gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ o! Ó kó ẹrù rẹ̀ wálé, ìwé àti àwo orin ló pọ̀ nínú ẹ̀. Bí kò bá wọlé, kò níṣẹ́, kò níyàwó, kò sì ní ibì kan tí yóò forí lé ju yàrá tó ti sùn ní kékeré. Gbogbo wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyáàgbà mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ, ìdí nìyẹn tí kì í fi í jẹ́ kí a dárúkọ pé ó lè fìdí rẹmi. Ẹgbẹ́ Aláago ni Bọ̀dá Múfù wà, agogo ara ògiri ni àmì wọn. Ẹgbẹ́ Oníkẹ̀kẹ́ ni wọ́n jọ ń du ipò.

Bí a bá ti ń ṣa ìrẹsì, Ìyáàgbà á máa sọ ìtàn ẹkùn ìdìbò àtijọ́ fún wa, èyí tó wà kí àwọn ṣọ́jà tó dé. Kemta wà nínú ẹ̀, gbogbo abúlé wa ọ̀nà Ọ̀fàdà náà wà nínú ẹ̀, ilé àti oko ń yan ẹnì kan ṣoṣo. Kò mọ ọdún tí èyíkéyìí nínú wọn wọlé. Oúnjẹ ló fi ń rántí wọn. "Ẹni àkọ́kọ́," ó ní, "bàbá kan báyìí ni, ó ń dé fìlà dúdú. Ó wá sí oko wa ní Ìdí-Ọsàn, ó jẹ ìrẹsì mi, ó tún ní kí n bù sí i. A dìbò fún un títí ó fi sú òun fúnra rẹ̀. Ẹnì kejì ò jẹun lọ́dọ̀ wa rí, ìyẹn ni n ò fi mọ orúkọ ẹ̀. Ẹnì kẹta, ìbò tiẹ̀ ló di ìjà. Láfún ni mò ń rò lọ́wọ́ tí wọ́n fi ní kí a máa sá, mo sì fi láfún sórí iná." Ó máa ń sọ bí wọ́n ṣe ń wọ inú yàrá tí wọ́n ta aṣọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àpótí tirẹ̀, tí obìnrin á sì ju bébà rẹ̀ sí èyí tó wù ú, láìjẹ́ pé ọkọ mọ̀. "Mo purọ́ fún bàbá yín lẹ́ẹ̀kan," á wí, á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá yín yẹn, ọkọ rẹ̀ ni, bàbá wa àgbà, tó ti kú tó sì wà nínú sàréè ní Ìdí-Ọsàn. Òun ló fi lélẹ̀ pé oko ni ìdílé wa á ti máa dìbò, nítorí èrò kì í pọ̀ níbẹ̀, oòrùn kò sì ní pa aboyún.

Ẹni tí kì í ṣe Ẹ̀gbá lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí. Ẹ̀gbá kan kò ní ilé ní Abẹ́òkúta kó máà ní oko tí wọ́n ti mọ baba rẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní Kemta pé níbo lo ti wá, wàá ní Ìdí-Ọsàn. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní Ìdí-Ọsàn, wàá ní Kemta. Irọ́ kọ́ ni méjèèjì. "Ilé nílé, oko lóko, ẹsẹ̀ kan náà ló ń rìn ín," bí Ìyáàgbà ṣe máa ń wí nìyẹn. Nígbà tí àwọn akọ̀wé ìjọba wá ń kọ orúkọ àwọn tí yóò dìbò, ìkórè ìrẹsì ló bá, gbogbo ilé wa wà lóko. Ìyáàgbà kó àgbàlagbà ilé jọ, ọkùnrin, obìnrin, ìyàwó ilé, ó tò wọ́n síwájú akọ̀wé lábẹ́ igi ọsàn. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n gba káàdì wọn tán, ó gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ó fi òwú dì wọ́n, ó tọ́jú wọn sínú àpótí ìdí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ní ọwọ́ wọn kò mọ ìwé í tọ́jú. Ayétòrò ni Bọ̀dá Múfù ṣì wà nígbà náà, níbi tó ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Nígbà tó wá délé tó bẹ̀rẹ̀ sí í káàkiri, mo máa ń tẹ̀ lé e nígbà mìíràn, kí n lè jẹ gúgúrú àwọn onílé tí a bá kí. Kò sí ojúlé tí kò kàn. Ó kan ilé tí ajá ti lé wa. Ó kan ilé ìyá kan tó da omi ìfọṣọ sí wa lẹ́sẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá," ìyá náà sì tìjú, ó ní ká jókòó. Omi ẹ̀rọ ló ń ṣèlérí, pé ẹ̀rọ omi yóò dé ìdí ògiri gbogbo wa. Ràímì Káfíntà ń bá a gbé pátákó kiri, agogo ńlá ni Ràímì fi pákó gbẹ́ fún un lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí àtìgbà tí wọ́n ti jọ ń jẹgba ní ilé-kéú ni wọ́n ti ń ṣọ̀rẹ́. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ náà wá bẹ Ràímì níṣẹ́, ó gbẹ́ kẹ̀kẹ́ fún wọn, wọ́n sanwó. Òun àti Bọ̀dá Múfù fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Bàbá mi bi Bọ̀dá Múfù lọ́jọ́ kan pé ìgbà wo ló máa wá ṣe ìpolongo tilé, ó ní: "Bọ̀dá, ta ní ń polówó ọmú fún ìyá ẹ̀?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyáàgbà rẹ́rìn-ín jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò, kí oòrùn tó yọ, bàbá mi ti gbé bọ́ọ̀lẹ́kájà rẹ̀ tó fi ń kó ìrẹsì sẹ́nu ọ̀nà. Bọ̀dá Múfù ti jáde, ó ní òun fẹ́ yípo gbogbo ibùdó ìdìbò. Ìyáàgbà fi káàdì lé kálukú lọ́wọ́, mo ń ka orúkọ sí i létí, ó ń pè wọ́n bí tíṣà, wọ́n wọ aṣọ Jímọ́ọ̀, wọ́n gun ọkọ̀, orin ni wọ́n ń kọ dé Ìdí-Ọsàn. Mo bá wọn lọ. Kò sí èrò lóòótọ́. Wọ́n fún kálukú ní bébà tó ní àmì gbogbo ẹgbẹ́, agogo wà níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ agogo, wọ́n ju bébà sínú àpótí. Ìyáàgbà ló tẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn. Ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ tó dúdú sókè, ó ní, "Múfù, ó parí." Èmi ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́ níbi tí wọ́n lẹ ìwé kan mọ́. Ẹ mọ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà ṣe máa ń rí, kò sí ohun tí kì í kà. Mo ka orúkọ ẹkùn ìdìbò náà, kì í ṣe tiwa. Mo ka orúkọ ẹni tí ẹgbẹ́ Aláago fà sílẹ̀ níbẹ̀, Lọ́yà kan ni, kì í ṣe Bọ̀dá Múfù. Mo lọ fa ìró Ìyáàgbà, mo sọ ọ́ sí i létí. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Àwọn ṣọ́jà ti gé ẹkùn àtijọ́ sí méjì, wọ́n fi Kemta sí ọ̀kan, wọ́n fi oko wa sí èkejì, kò sí ẹni tó sọ fún wa. Ìyáàgbà wo ògiri yẹn bí ẹni pé òun náà lè kà á. Àwọn yòókù ń patẹ́wọ́ nínú ọkọ̀, wọ́n ń pè é. Ó di ọwọ́ mi mú, ó dùn mí. "Àjọkẹ́," ó ní, "ọ̀rọ̀ yìí, èmi àti ìwọ ni o." Ó gun ọkọ̀, ó sì bá wọn gbe orin.

Bọ̀dá Múfù kò wọlé. Ìbò mọ́kànlá ni ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ fi jù ú lọ. Mọ́kànlá! Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mo mọ ìṣirò dáadáa, mo sì mọ iye àtàǹpàkò tó bá bọ́ọ̀lẹ́kájà lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, wọ́n ní ọmọ yìí mà fẹ́ràn bọ̀dá ẹ̀ o. Bọ̀dá Múfù kò sunkún. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sọ pé Kemta ta òun. Nígbà tí Ràímì gba títì kọjá wá láti bá a kẹ́dùn, ó dìde sí i. "Ìwọ lo gbẹ́ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gùn kọjá lórí mi," ó wí. Ràímì rò pé àwàdà ni, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Èèyàn mélòó lo sọ fún kó dìbò fún wọn? Mọ́kànlá péré ló kù o, Ràímì! Ilé tìẹ nìkan, àgbà méje ló wà níbẹ̀." Ràímì ní, "Múfù, ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀?" Ó ní, "Má dé ilé yìí mọ́." Ràímì wo Ìyáàgbà bóyá yóò bá a dá sí i. Ìyáàgbà ń ṣa ìrẹsì. Kò gbójú sókè. Ràímì padà sí ìsọ̀ rẹ̀, a kò sì gbọ́ ìró ayùn lọ́jọ́ náà.

Ẹ gbà mí, ilé tí kò bá ti sí àwàdà nínú ẹ̀, kò yẹ kí ọmọdé gbébẹ̀. Bọ̀dá Múfù kì í jẹun, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó ń fi ojú burúkú wo gbogbo ẹni tó bá kọjá níwájú ilé. Ìyáàgbà kò pariwo mọ́ Ràímì mọ́. Ó ṣì ń bu ìrẹsì sínú ewé láàárọ̀, á dì í tán, á wo òdìkejì títì, á sì tú u sínú ìkòkò padà. Mo bi í lọ́jọ́ kan, nígbà tó ku àwa méjì lórí ẹní, pé kí ló dé tí kò sọ fún wọn. Inú bí i, ó gbá mi lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá fi ọwọ́ ra ibẹ̀. "Wọn ò ní gbà mí gbọ́ mọ́," ó ní. "Èmi ni mo kó wọn jọ. Èmi ni mo tọ́jú káàdì. Bí mo bá sọ ọ́, ọmọ mi á mọ̀ pé èmi ni mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun." Lójú mi nígbà náà, kò sí ohun tí Ìyáàgbà ń bẹ̀rù láyé. Èyí bà mí lẹ́rù ju gbígbá lọ. Ó sì wá ń jẹ́ kí òkúta kọjá nínú ìrẹsì. Oníbàárà kan dá tiẹ̀ padà, Ìyáàgbà kò tiẹ̀ bá a jà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan dúró níwájú ilé lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Ọkùnrin kan tó rọra sanra jáde nínú ẹ̀, ẹnì kan fa àgbò tẹ̀ lé e. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Ìyáàgbà. Lọ́yà yẹn ni. "Ẹ kú ilé, ẹ̀yin ìyá mi," ó wí. "Ẹ ò mọ̀ mí. Èmi ni mo wọlé ní ẹkùn tí Ìdí-Ọsàn wà. Díẹ̀ ni mo fi borí, wọ́n sì sọ fún mi níbẹ̀ pé ìyá kan wá láti Kemta, ó kó ọkọ̀ kún. Mo ní mo gbọ́dọ̀ wá fojú rí ìyá náà." Bọ̀dá Múfù wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rí i tó yí ọrùn. Mo wo Ìyáàgbà. Ó lè ní kì í ṣe òun. Ó lè ní wọ́n ṣì í mọ̀, kí Lọ́yà fa àgbò rẹ̀ lọ, ta ni yóò já irọ́ rẹ̀? Ó gbé àtẹ kúrò lórí itan. "Lọ́yà, ẹ dìde. Ẹ má tíì so àgbò yẹn," ó ní. "Ìbò tí mo dì fún yín, n ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ọmọ mi tó jókòó yìí ni mo rò pé mo dì í fún." Ó wá kọjú sí Bọ̀dá Múfù. "Múfù, Kemta kò tà ọ́. Ràímì kò tà ọ́. Èmi ìyá rẹ ni mo kó ìbò mọ́kàndínlógún sínú ọkọ̀, mo gbé e fún ọmọ ọlọ́mọ. Àtọjọ́ náà ni mo ti mọ̀. Ìtìjú ni ò jẹ́ kí n sọ. Forí jì mí, ọmọ mi."

Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá mi, tó wa ọkọ̀, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bọ̀dá Múfù ń wo ìyá rẹ̀, mo sì rò pé yóò pariwo bó ṣe pariwo mọ́ Ràímì. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín burúkú lákọ̀ọ́kọ́, nígbà tó yá ẹkún wọ inú ẹ̀. "Màámi," ó ní, "gbogbo ojúlé Kemta ni mo kàn. Mo kan ti ẹni tó dami sí mi lẹ́sẹ̀. Ilé yìí nìkan ni mi ò kàn! Ká ní mo kan ilẹ̀kùn yín lẹ́ẹ̀kan, kí n bi yín pé níbo lẹ ó ti dìbò." Ó kúnlẹ̀, ó gbé orí lé itan rẹ̀ níbi tí àtẹ wà tẹ́lẹ̀. Lọ́yà náà kò mọ ibi tí yóò kọjú sí, ó ṣí fìlà, ó dé e, ó ṣí i. Ìyáàgbà ló gbà á sílẹ̀. "Ẹ so àgbò mọ́lẹ̀," ó ní, "àtàǹpàkò wa ló gbé yín wọlé, ọmọ wa ni yín. Ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ tí ọmọ mi ṣèlérí fún Kemta, ẹ̀yin lẹ máa bá a ṣe é." Lọ́yà ní omi náà yóò dé kíákíá. Kò dé o, ẹ má wulẹ̀ retí ẹ̀. Nígbà tó lọ tán, Bọ̀dá Múfù nu ojú, ó gba títì kọjá láìwọ bàtà. Ràímì ń rẹ́ pákó gígùn kan, kò wò ó. Bọ̀dá Múfù di orí kejì pákó náà mú. Wọ́n rẹ́ ẹ títí ó fi já, kí Ràímì tó lanu sọ̀rọ̀: "Ṣé o ti jẹun?" Ìyáàgbà ní kí n gbé ìrẹsì ẹni méjì lọ.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n tún dìbò. Bọ̀dá Múfù ti ríṣẹ́ tíṣà mìíràn, ó ti níyàwó, ó ní òun kò jáde mọ́ láéláé. Ìyáàgbà bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n tún ń kọ orúkọ ní Kemta, Ìyáàgbà ti wà lórí àga níwájú ilé ẹ̀kọ́ kí àwọn akọ̀wé tó ṣílẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, nítorí náà wọ́n gbà kí n mú un lọ sẹ́yìn aṣọ lọ́jọ́ ìdìbò. Ó bi mí pé kí ló wà lórí bébà. Mo dárúkọ àmì gbogbo. Ó ní, "Múfù kò sí níbẹ̀?" Mo ní, "Kò sí, Ìyáàgbà." Ó ní kí n gbé ọwọ́ òun lọ síbi tí kò sí nǹkan kan, ibi funfun. Mo ní ìbò náà á bàjẹ́. Ó ní, "Gbé mi lọ síbẹ̀." Mo gbé e lọ. Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ọn, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ́. "Tìẹ rè é, Múfù," ó wí, ó sì ká bébà náà fúnra rẹ̀. Ọdún náà kò parí kí àwọn ṣọ́jà tó padà dé, wọ́n gbá ẹkùn náà dànù, kò sì sí ẹkùn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn tí Ìyáàgbà ti wà nínú sàréè ní Ìdí-Ọsàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo rí ìwé kan ní ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n kọ àbájáde ìbò ọdún yẹn ní ẹkùn wa sí. Wọ́n kọ iye tí agogo ní, wọ́n kọ iye tí kẹ̀kẹ́ ní. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ iye ìbò tó bàjẹ́. Mo fi ìka tọ́ ibẹ̀, mo sì sọ fún akọ̀wé tó mú ìwé náà wá, ọmọ kékeré kan tí kò mọ ohun tí mò ń sọ, pé ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ti bọ̀dá mi ni.